Bàbá Nọ́ńbà, Ẹni Tó Yọ Góòlù Kan Kúrò Lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1946 ni a bí Bàbá wa, ní yàrá ẹ̀yìn ilé kan tó kọjú sí ilé iṣẹ́ bàtà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá tó bí wọn, aránṣọ sì ni ìyá wọn. Àwọn méjèèjì kò fi ìwọ̀n ṣeré, kò sì yani lẹ́nu pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí.

Ní 1952 ni Bàbá wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò kò le fún wọn rárá. Ní ti ìwé kíkọ, ẹ má jẹ́ ká purọ́ nítorí pé wọ́n ti sùn: ọwọ́ wọn kò dára.

Àwọn tó ń rán bàtà ní ilé iṣẹ́ náà ti dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1951. Bí wọ́n bá ṣíwọ́, wọn a máa gbá bọ́ọ̀lù láàárín àwọn àpótí. Nígbà tó fi máa di 1966, ẹgbẹ́ náà ti wọ líìgì àgbà, àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ló ń gbá fún un, ṣùgbọ́n Oníbàtà ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é. Bàbá wọ ibẹ̀ ní 1968 gẹ́gẹ́ bí agékoríko. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé wọn lọ sí ìdí pátákó, níbi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà onígi kọ́ iye góòlù.

Wọ́n gbé Màmá wa níyàwó ní 1972. Màmá ló ń ya tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì pápá, wọ́n sì sọ fún wa pé ìgbà mẹ́tàdínlógún ni Bàbá ra tíkẹ́ẹ̀tì tí òṣìṣẹ́ kì í rà. Nínú ìjọ, Bàbá ló ń to nọ́ńbà orin sára pátákó. Olùṣọ́-àgùntàn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ kan, wọn á kọ ẹni tó gbá a wọlé sábẹ́ orin.

Ọdún 1987 ni ìdánwò dé. Nígbà tí líìgì parí, àwa àti ẹgbẹ́ Etí-odò dọ́gba ní póìǹtì, góòlù kan ṣoṣo la sì fi gbéwájú. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ni yóò já sí líìgì kékeré. Àwọn èèyàn wa ti ń jó lójú pópó. Bàbá jókòó ti tábìlì oúnjẹ, wọ́n ń fi ìwé ìléwọ́ tí wọ́n máa ń kọ góòlù kọ̀ọ̀kan sí yẹ ìwé ìròyìn wò. Góòlù kan lé.

Wọ́n wá a títí wọ́n fi rí i. Nínú ìdíje kan tí òjò pa, a borí ní méjì sí ẹyọ kan. Rẹfirí ti fagi lé góòlù wa kẹta, ṣùgbọ́n Bàbá ti gbé mẹ́ta kọ́, wọ́n sì sá fún òjò láìrántí yọ ọ́. Òjò ba ìwé rẹfirí jẹ́, ohun tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa rí lára pátákó ló fi ránṣẹ́ sí líìgì. Bí góòlù yẹn bá kúrò, a ó dọ́gba, Etí-odò sì ti nà wá lẹ́ẹ̀mejèèjì tí a pàdé. Àwa la ó já. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀.

Màmá lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan fún wọn, wọ́n ní, “Ẹ tètè máa lọ, kí ọkàn yín tó yí padà.” Bàbá fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ sí ọ́fíìsì líìgì. A já.

A kò ní bò ó, ojú wa rí màbo. Wọ́n lé Bàbá kúrò nídìí pátákó, àwọn aládùúgbò ò sì kí wa mọ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa fi ẹkún béèrè ìdí tí wọn kò fi dákẹ́, wọ́n ní, “Ọwọ́ mi ló gbé e kọ́. Ọwọ́ mi náà ló gbọ́dọ̀ yọ ọ́.” Ní 1989 tí ẹgbẹ́ padà sókè, alága tuntun fúnra rẹ̀ ló wá kan ilẹ̀kùn wa pé kí Bàbá wá gba pátákó wọn. Wọ́n wà níbẹ̀ di 2011, nígbà tí ẹ̀rọ oníná dé. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ń gbìyànjú. Tábìlì líìgì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò, ọ̀fẹ́ ni.

Bàbá sùn ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2024, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi Màmá, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kan sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, balógun ẹgbẹ́ Etí-odò ti ọdún 1987 wọlé tọ̀ wá wá, orí rẹ̀ ti funfun. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn kò já rí títí di òní, àti pé kò sí ọmọ tuntun tí àwọn kì í sọ ìtàn Bàbá fún. Ó wá bẹ̀ wá fún ohun kan. Nítorí náà, kí ẹnu má ya yín lónìí: ará Oníbàtà mẹ́ta ló gbé apá ọ̀tún pósí, ará Etí-odò mẹ́ta ló gbé apá òsì.

Bàbá wa, orí wa wú nítorí yín. Kí Ẹni tó ń ka irun orí wa kà yín mọ́ àwọn tirẹ̀. Ẹ sùn re o.