Bí Ẹ̀yìn Mi Ṣe Ń Kan Ilẹ̀ ní Port Harcourt

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbí. Ilẹ̀ tutù, òjò kò dá láti ìjẹta. Ìyá mi, ẹ kú àbójútó. Ṣọlá àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ lo fi fídíò ìjà mi yẹn han Bàbá.

Bàbá, mo mọ ìdí tí ẹ kò fi gbé fóònù mi mọ́. Ṣọlá ní ẹ wo fídíò náà tán, ẹ ní ẹ̀yin tí ẹ jìjàkadì yí gbogbo àdúgbò ká, tí ẹ̀yìn yín kò kan ilẹ̀ rí, kò lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ bí ẹni tó wọ kóòtù funfun, tó fúnra rẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tì í. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́.

Iṣẹ́ mi ní èbúté Onne ni kí n máa wò bóyá àwọn kọ̀ǹténà ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Wọ́n ṣì wà. Bí mo bá délé, èéfín dúdú ti kun fèrèsé. Mo nù ún, ó padà wá. Pijin ni mo fi ń ra iṣu, òun náà ni mo fi ń gbàdúrà. Kí n lè gbọ́ Yorùbá ni mo ṣe wọ ilé ìjà jùjítsù, ìjàkadì àwọn ará Brazil, tí a máa ń wọ kóòtù funfun àti bẹ́líìtì jà. Alàgbà Ọlátúnjí, ọ̀gá Kọ́sítọ́ọ̀mù, ọmọ Iléṣà, ń jà níbẹ̀.

Nínú ìjà yìí, ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ kò tíì pàdánù. Ìgbà náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni yóò gbé lé ìbàdí àti àyà ẹni tó dúró, kí ìyẹn má baà rí i gùn. Ṣùgbọ́n Alàgbà ni olùkọ́ wa yàn láti máa bá mi jà, ẹgbẹ́ yín ni wọ́n. Bí ẹsẹ̀ mi bá ti súnmọ́ àyà wọn, màá ká a kò, màá ní ẹ jọ̀ọ́ sà. Wọn á ní kò tọ́pẹ́, ọmọ mi, wọn á sì jókòó lé mi láyà.

Olùkọ́ wa, ọmọ Isiokpo, ní abeg, ṣé ìkíni ni mo wá kí ni àbí ìjà. Mo ṣàlàyé àṣà wa. Ó mí kanlẹ̀, ó wá kọ́ mi ní èyí tí ọ̀pọ̀ kì í lò: kí n fa etí kóòtù Alàgbà jáde nínú bẹ́líìtì, kí n tì í gba abẹ́ itan wọn, kí n gbà á mú ṣinṣin lẹ́yìn orúnkún. Aṣọ wọn á dè wọ́n, ẹsẹ̀ mi kò ní kan àyà àgbà. Mo ń fi dánra wò lálaalẹ́, ìka mi wú títí n kò fi lè di ṣíbí mú. Mo ń tòògbé lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kọ̀ǹténà kò sá.

Ní Sátidé, mo kí Alàgbà tán, mo fẹ̀yìn lélẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bọ̀, wọ́n bi mí pé ṣé ara le. Mo ní a dúpẹ́ sà, mo fa aṣọ, mo tì í gba abẹ́ itan wọn, mo dì í mú. Wọ́n fẹ́ gbé ẹsẹ̀, aṣọ wọn kọ̀. Mo fi ọwọ́ tó kù tì wọ́n díẹ̀. Gbì!

Alàgbà wo òrùlé láti ilẹ̀, wọ́n wá bi mí pé ọmọ ta ni mí. Bàbá, orúkọ yín ni mo dá. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀yìn tàwọn ló ṣubú, tèmi wulẹ̀ wà nílẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn á fi ẹnu ara àwọn kí yín lọ́jọ́ Àìkú. Bí ẹ kò bá gbé fóònù èmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ti àgbà. Èmi náà á wà nítòsí.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹsẹ̀ yín kò ní yẹ̀, oúnjẹ kò ní wọ́n nílé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti aládùúgbò.

Èmi ni Dàpọ̀, ọmọ yín, tí ẹ bí ní tòótọ́.