Lẹ́yìn Kọ́tìnnì Ilé Manjarrez

Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta, 2014
Ó parí. Àkùkọ kó wa jọ sẹ́yìn káńtà láàárọ̀ yìí. Evaristo ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, àbúrò mi tí a bí tẹ̀lé mi, nítorí bó ṣe ń gbé àyà kiri. Ó ní Ilé Manjarrez, ṣọ́ọ̀bù akọ́dìọ̀n ìdílé wa, máa tilẹ̀kùn kí oṣù yìí tó tán. Láti ayé bàbá bàbá wa, kò sí akọ́dìọ̀n tó ti Jámánì wọ Valledupar, ìlú wa, tí kò gba ọwọ́ wa kọjá. Ní báyìí, àwọn ará Jámánì ti gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Medellín.

Mo bi í lójú gbogbo wọn: ta ló ń bá àwọn ará Medellín jẹun láti ọdún tó kọjá? Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bẹ̀rẹ̀." Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, 12
Màmá ò jẹun. Èmi jẹ. Ìbínú ò gbọdọ̀ pa ẹni tí kò ṣẹ̀.

Ẹtì, 14
Àṣírí ti tú. Àwọn ará Medellín ń mú Àkùkọ lọ. Wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀gá àwọn tó ń to ohùn. Àkùkọ! Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín akọ́dìọ̀n àti ewúrẹ́ tó ń rọbí.

Akọ́dìọ̀n tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jámánì dé, ohùn rẹ̀ máa ń tutù, bí àlejò tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kò mọ ẹnì kankan. Kò sí olórin ibí tó máa gbé e ròde bẹ́ẹ̀. A gbọ́dọ̀ ṣí inú rẹ̀, ká máa fi fáìlì rín àwọn ahọ́n irin wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí á fi sunkún bí wọ́n ṣe fẹ́. Èmi ni mo ń ṣe é. Èmi nìkan, látìgbà tí ọwọ́ Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Bàbá fúnra wọn ló so kọ́tìnnì tó bo yàrá iṣẹ́ lẹ́yìn káńtà. Wọ́n ní kò sí ọkùnrin tó máa gbé akọ́dìọ̀n rẹ̀ fún obìnrin. "Ìwọ ṣe é, kí Evaristo máa gbé e jáde." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é: oníbàárà á dúró ní káńtà, á kọ́kọ́ gbọ́ ohùn akọ́dìọ̀n rẹ̀ láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì kó tó rí i. Èmi á tẹ̀ ẹ́. Àkùkọ á ká ọwọ́ gbera lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí mo bá tán, á bu omi inú jọ́ọ̀gì sójú bí òógùn, á gbé e jáde, wọ́n á sì kí i kú iṣẹ́.

Tí ilé yìí bá tì, ta ló máa gbé akọ́dìọ̀n wá fún mi? Ta ló mọ̀ mí?

Àìkú, 16
Mo bá Màmá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Mo ní kí wọ́n sọ òótọ́ fún àwọn ará Medellín. Wọ́n ní orúkọ ilé la ń bò. Orúkọ ta ni, Màmá? Ilé ti wó. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi orúkọ ṣe pẹ̀lú ewú lórí, ṣé mo fẹ́ díje fún olórí ìlú ni?

Mo fẹ́ jẹun ni, Màmá. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn.

Wọ́n ń ka rosárì wọn lọ.

Ìṣẹ́gun, 18
Àkùkọ gbé kọfí wá fún mi. "Àǹtí mi ọ̀wọ́n." Tí mo bá ti gbọ́ ọ̀wọ́n yẹn, mo máa ń di àpò mi mú.

Ọkùnrin Medellín ń bọ̀ ní Ẹtì. Ocampo. Dókítà ni wọ́n ń pè é, kò sì wo adìyẹ sàn rí. Ó fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ iṣẹ́ Àkùkọ. Don Toribio, baba àwọn olórin ìlú yìí, máa wà níbẹ̀ kí wọ́n lè jẹ́rìí, akọ́dìọ̀n wọn la sì máa tẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Àǹtí."

Mo ní tó bá dé Medellín, ta ló máa wà lẹ́yìn kọ́tìnnì fún un? Ó ní ẹ̀rọ wà níbẹ̀ tó ń fi iná hàn tí ohùn bá ṣe déédéé. Mo ní kí ẹ̀rọ náà máa bá a làágùn. Ló bá ní tí òun ò bá ríṣẹ́ yìí, ìbànújẹ́ ló máa pa Màmá.

Màmá ló fi borí mi, mo gbà. Ọ̀dàlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20
Mo ti tún akọ́dìọ̀n Don Toribio ṣe. Ó dùn. Mo kórìíra bó ṣe dùn tó.

Ẹtì, 21
Kí n rọra kọ ọ́.

Ocampo dé, bàtà rẹ̀ ń dán. Don Toribio dé pẹ̀lú ọmọ wọn Wilfrido. Àwọn olórin mìíràn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá wọ dúdú. Èmi àti Àkùkọ wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ó bu omi sójú. "Ó yá, Àǹtí."

Mo gbé akọ́dìọ̀n kọ́ ọ láyà, mo sì jókòó. "Tẹ̀ ẹ́," mo wí fún un.

Ó ń bẹ̀ mí wúyẹ́wúyẹ́, ó ń fi Ọlọ́run bẹ̀ mí, ó ń fi sàréè Bàbá bẹ̀ mí. Mi ò mira. Níta, wọ́n ń retí ohùn akọ́dìọ̀n. Ocampo wúkọ́. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn Don Toribio:

"Nohelia, ọmọ mi, kí ló dé? Ṣé ọwọ́ ń dùn ẹ́ ni?"

Mo fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń pè. Wọ́n ní, "Ìwọ kọ́? Ta ló tún ń to ohùn níbí? Ẹsẹ̀ ẹ kì í jókòó sínú ilé, ó máa ń yọ lábẹ́ kọ́tìnnì. Evaristo ò sì wọ sálúbàtà olódòdó rí."

Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn. Gbogbo wọn mọ̀. Láti ayé Bàbá. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dójú ti bàbá mi ni.

Mo rò pé inú mi máa dùn. Irọ́. Ẹnu mi là. Ẹ mọ̀, ẹ sì ń gbé ọtí Kérésì wá fún Evaristo? Ẹ mọ̀, ẹ sì ń dárúkọ rẹ̀ nínú orin yín pé ọwọ́ rẹ̀ dára? Ojú bàbá mi lẹ ń bò, ojú tèmi ńkọ́? Mo pè wọ́n ní olè, láti orí Don Toribio títí dé ẹnu ọ̀nà. Don Toribio ń wo fìlà ọwọ́ wọn. Àkùkọ dúró lẹ́yìn mi, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

Ocampo, ojú ò tì í, ní kí èmi wá sí Medellín dípò. Ó ní mo máa ṣiṣẹ́ lórúkọ ilé-iṣẹ́ wọn.

"Dókítà, kọ́tìnnì mìíràn nìyẹn."

Mo wá sọ fún gbogbo wọn: láti òní lọ, mo wà nílé mi, lábẹ́ máńgòrò. Ẹni tó bá fẹ́ mi, kó dúró ní títì, kó pe orúkọ mi kí àdúgbò gbọ́.

Don Toribio gbé akọ́dìọ̀n wọn lọ. Wọn ò tiẹ̀ dán an wò.

Ọjọ́rú, 26
Wọ́n ti yọ pátákó ilé. Mi ò lọ wò ó. Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀.

Àbámẹ́ta, 29
Mo jókòó lábẹ́ máńgòrò. Ẹyẹ nìkan.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin
Wilfrido, ọmọ Don Toribio, dé ẹnu géètì. Ó fi táwẹ́lì di akọ́dìọ̀n tirẹ̀. Ó kan géètì. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n wà nílé?"

Mi ò dáhùn.

"Ará ilé Manjarrez."

Mi ò dáhùn. Elvia, aládùúgbò mi, ti jáde, ó ń ṣe bí ẹni gbálẹ̀. Ọmọkùnrin náà wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sí èjìká kejì, ó yíjú bí ẹni tó fẹ́ lọ. Ọwọ́ mi di ojú fèrèsé mú.

Ó padà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá géètì sọ̀rọ̀: "Àǹtí Nohelia."

Mo ní mi ò gbọ́.

Ọrùn rẹ̀ pọ́n. Ó la ẹnu. "Ọ̀gá Nohelia Manjarrez! Mo gbé akọ́dìọ̀n mi wá!"

Ajá títì kejì gbó. Mo dìde.