Ta Ló Ya Ilé Onígíláàsì Wa?

Bàámi tí mo fẹ́ràn,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ náà ti di ọdún láti ìgbà tí ẹ ti re ọ̀run.

Ilé yín ṣì dúró sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun ni àwọn ọlọ́kadà ṣì fi ń júwe àdúgbò wa. Irin apá ẹ̀yìn ti ń dógùn-ún, àmọ́ gíláàsì kan ṣoṣo ló fọ́. Ògiri onírin tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá Màmá ṣì ń yí lórí wíìlì rẹ̀, ìka kan la fi ń tì í. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń tì í sọ́tùn-ún tí àlejò bá pọ̀, tí ẹ ó tún tì í sósì tí mo bá fẹ́ kàwé? Ṣọ́ọ̀kì á wà lẹ́nu yín bíi pákò. Ẹ máa ń ní ilé ló yẹ kó gba ti ènìyàn, kì í ṣe kí ènìyàn máa gba ti ilé.

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn. Ọmọ inú ìgò ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé, torí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń rí wa tí a bá ń jẹun. Ilé búlọ́ọ̀kù àwọn ẹgbẹ́ mi ló ń wù mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ yunifásítì kan wá wo ilé náà, ó fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ń fọwọ́ pa irin, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Ó béèrè ẹni tó ya àwòrán rẹ̀. Bàámi, kí ló dé tí mi ò dárúkọ yín? Mo rò pé tó bá gbọ́ pé wẹ́dà tí kò ka ìwé mẹ́fà ló fi ṣọ́ọ̀kì yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀, yóò ká ìwé rẹ̀ nílẹ̀. Mo ní ẹnjiníà òyìnbó kan ló yà á, pé ẹ̀yin kàn bá a jó irin rẹ̀ pọ̀ ni.

Mo gbàgbé pé ògiri yín kì í dá ọ̀rọ̀ dúró. Ó yí gbirigbiri, Màmá yọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọkọ mi lòyìnbó tó ń wí yẹn."

Wọ́n dárúkọ yín, olùkọ́ náà kọ ọ́. Ó wá wojú mi, bóyá mo máa gbe ọ̀rọ̀ Màmá lẹ́sẹ̀. Mo wolẹ̀. Ẹ wo irú ọmọ tí ẹ bí! Ó fi àmì ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín, ó dìde, ó lọ. Màmá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, pé àwọn ò mọ ilé tí èmi wò. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kí wọn, wọ́n á dá mi lóhùn, ó parí.

Mo ti padà sí Ọ̀yọ́ tí mò ń gbé. Láàárọ̀ yìí mo pe olùkọ́ náà lórí fóònù, mo ní irọ́ ni mo pa, pé ẹ̀yin lẹ yà á, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọ. Ó béèrè ìdí tí mo fi purọ́. Mo wá irọ́ mìíràn, mi ò rí. Mo sọ fún un pé bàbá mi ló ń tì mí lójú.

Ó ní òun ti pa àmì ìbéèrè náà rẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ló kù, Bàámi. Kò sẹ́ni tó lè bá mi pa á rẹ́.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tí kò tètè sọ ọ́.