Eruku Sàráà Ló Dá Àǹtí Wa Dùbúlẹ̀

Mo mọ ohun tó dá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dùbúlẹ̀. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ń bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀, èmi náà jókòó sáàárín wọn, mò ń mi orí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́... inú ń bí mi gan-an bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù kan n'Ìwó níbí. Àǹtí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tíṣà ni wọ́n ní Kuta. Jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n ń tọ́jú n'Ibadan, oògùn yẹn sì máa ń gba gbogbo agbára ara, àìsàn tí kò ní ṣe èmi àti ẹ̀yin ní nǹkan kan lè gbé wọn ṣánlẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n jù, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá gba omi àti ẹ̀jẹ̀ sára, torí pé mo wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ o, torí pé mo wà níbẹ̀!

Àsìkò yẹn gan-an ni Àlájì kan, ọmọ Ìwó tó lówó l'Abuja, ní òun fẹ́ tún wọ́ọ̀dù wa ṣe, kó jẹ́ sàráà tí láádá rẹ̀ á máa tẹ ìyá wọn lọ́wọ́ ní sàréè. Ó dáa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n sílíìnì tí wọ́n fẹ́ wó yẹn, ọjọ́ ti pẹ́ tí òjò ti ń jò sí i, gbogbo inú ẹ̀ ti dúdú, irú nǹkan tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti pẹ́ ló hù bò ó. Bí wọ́n bá ṣe ń fọ́ ọ ló ń bá eruku fò, tí ẹni tí ara rẹ̀ ò le bá fà á símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ hù sí. Kò sí nọ́ọ̀sì wa kan tí kò mọ̀ ọ́n. A ta náílọ̀n ńlá láti òkè délẹ̀ láàárín ibi iṣẹ́ àti bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn, a fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ pa, a ní káwọn kápẹ́ńtà wọ́n omi sí sílíìnì kí wọ́n tó fọ́ ọ, kí wọ́n sì máa gba ẹ̀yìn kó ìdọ̀tí jáde. Wọ́n sì ń ṣe é!

Àfìgbà tí Àlájì wá wo iṣẹ́, pẹ̀lú àwọn tó ń ya fọ́tò. Wọ́n rí náílọ̀n, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní ṣé iṣẹ́ ìtìjú lòun ń ṣe ni, tí a fi ta nǹkan bò ó bí ibi tí wọ́n ti ń wẹ òkú? Ẹ dákun, a kì í ṣoore tán ká lóṣòó tì í, ṣùgbọ́n ti Àlájì yìí, ṣe ni wọ́n gbé àga jókòó tì í. Màtírọ́ọ̀nù wa, ẹni tó kọ́ èmi gan-an bí wọ́n ṣe ń ta náílọ̀n yẹn, àwọn ló ní ká ká a kúrò. Mo ní Mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé àwọn tí ara wọn ò le lọ sí wọ́ọ̀dù kejì. Wọ́n ní Àlájì fẹ́ kí àwọn aláìsàn wà nínú fọ́tò. Nínú fọ́tò! Eruku bo gbogbo bẹ́ẹ̀dì, àwọn èèyàn ń wúkọ́, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní eruku sàráà ni, eruku oore kì í pààyàn. Mo fún Àǹtí ní ìbomú, àwọn fúnra wọn ló yọ ọ́, wọ́n ní ṣé kí àwọn máa bomú sí iṣẹ́ láádá ni. Lẹ́mọ́mù tí Àlájì mú wá ń ṣe àdúà, Àǹtí la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń ṣe àmín...

Ní báyìí, Ibadan ni wọ́n wà, ẹ̀jẹ̀ ló ń bá ikọ́ wọn jáde. Dókítà wo scan tán, ó bi wá pé ṣé wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń wólé láìpẹ́ yìí? Ìyá ọkọ mi ló dáhùn. Wọ́n ní rárá o, wọn ò lọ ibì kankan, ọsibítù nìkan ni wọ́n wà. Báàgì Àǹtí wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e, mo tẹ̀ lé wọn jáde. Ọkọ mi ò tíì mọ̀, torí tó bá mọ̀, ilé Àlájì ló máa kọ́kọ́ lọ.

Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí wọ́ọ̀dù náà, èmi ni Màtírọ́ọ̀nù sì yàn pé kí n gba maiki dúpẹ́ lórúkọ àwọn nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ló kàn. Òjò kan náà ló ń jò síbẹ̀, Àlájì sì ti ní òun ò fẹ́ rí náílọ̀n. Tí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, gbogbo Ìwó á sì ní mo ba sàráà olóore jẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́... ṣé tèmi nìkan ni? Tàwọn ọmọ yẹn ńkọ́?

Àǹtí pè mí láàárọ̀ yìí. Ohùn wọn ò jáde dáadáa. Wọ́n ní tó bá di Jímọ̀, kí n bá àwọn kúnlẹ̀ fún Àlájì, kí n sì sọ fún wọn pé inú àwọn dùn pé ó ti kan àwọn ọmọdé. Mo ní ẹ ṣé, Mà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́... tí wọ́n bá gbé maiki yẹn lé mi lọ́wọ́, kí ni kí n sọ?