Àwòrán Yín Lára Ògiri Ojú Ọjà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ dìde jókòó kí ẹ gbọ́ mi. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rín ti ń pa mí, mi ò sì rí ẹni tó tọ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún bí kò ṣe ẹ̀yin. Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Ìyá Tíṣà, aládùúgbò wa, ló ń kọ lẹ́tà yìí bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bá mi tún un ṣe.

Bàbá, ẹ ti wà lára ògiri. Ògiri ilé wa tó kọjú sí ọjà Àgó-Ìwòyè, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ ga ju ẹnu ọ̀nà lọ, ẹ wọ ẹ̀wù oko yín, igi obì mẹ́ta sì wà lẹ́yìn yín. Àwọn ọlọ́kadà ń rọra rìn kí wọ́n lè wò yín. Lánàá, ìyá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́ kí yín kú ìrọ̀lẹ́, ó sì dúró de ìdáhùn. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó pòṣé, ó ní àwọn àgbẹ̀ ti ń gbéra ga jù.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ya àwòrán náà. Wọ́n ti ń ya oríṣiríṣi sára àwọn ògiri láti gáréèjì dé ojú ọjà, ẹja àti ọkọ̀ ojú omi síbí, àwọn obìnrin tó ru igi ìdáná sọ́hùn-ún. Àárín ìlú wa tí eruku ti sọ di pípọ́n wá ń dán bí aṣọ ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, mo lé wọn. Wọ́n padà wá, mo tún lé wọn. Ẹ ò kọ́ ilé yín kí ọmọ ọlọ́mọ wá máa fi ọ̀dà ṣeré lára rẹ̀.

Ẹni tó ṣíwájú wọn ni Rónkẹ́, ọmọ apẹja kan láti Ìbíádé. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, kò dárúkọ ọ̀dà rárá. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ń bá mi bó obì, ó wá béèrè ẹni tó kọ́ ilé yìí. Bàbá, nígbà tí mo máa fi dákẹ́, wọ́n ti ń pe ìrun àlàásárì. Mo sọ bí ẹ ṣe máa ń gbé àgbọ̀n sókè bí ẹ bá ń rìn lọ sóko. Mo sọ bí ẹ ṣe sọ àwọn igi obì yín ní orúkọ àwọn obìnrin tẹ́ ẹ fẹ́ tí wọn ò gbà, àti bí ìyá mi ṣe máa ń bínú bí ẹ bá ní Àbẹ̀kẹ́ ti so púpọ̀ lọ́dún yìí. Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ẹ̀yin gan-an lòun máa yà, kí n mú fọ́tò yín wá.

Fọ́tò wo? Ẹyọ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ yà, ikán ti jẹ ẹ́ tipẹ́. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti fò. Múfú àbúrò mi, tó ti di Alhaji báyìí, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tí ẹ kú. Kò mọ ojú yín rí. Èmi àti Ìyá Òrù, àbúrò yín tó kéré jù, nìkan ló kù tó mọ̀ yín. Bí àwa méjèèjì bá lọ, ojú yín ti pa rẹ́ láyé nìyẹn. Mo gbà fún un. Nítorí gbogbo ayé ló ń sọ pé èmi àti ẹ̀yin jọra, Rónkẹ́ ní kí n dúró kóun máa wò mí yà yín. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró nínú oòrùn, tèmi tàdá, àgbọ̀n mi lókè bíi tiyín.

Nígbà tó parí, Múfú wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ó wò yín, ó sì sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Ìyá Òrù dé. Ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó kọjú sí mi.

“Ìwọ lèyí. Bàbá rẹ dà?”

Ó nawọ́ sí àdá inú àwòrán. Ọwọ́ ọ̀tún ló wà.

Ọwọ́ òsì lẹ fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yín, Bàbá, èmi tí mo dúró fún yín ní odindi ọjọ́ mẹ́ta sì gbàgbé, torí ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń ṣe tèmi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi? Ẹ̀yin lẹ máa ń fi àkísà so ọwọ́ òsì mi mọ́ ìhà láràárọ̀ bí a bá ti dé oko, títí mo fi gbàgbé pé mo ní in. Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe é? Ṣé torí àwọn tí wọ́n ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà obì ni? Ṣé ojú tì yín ni, àbí àánú mi ló ń ṣe yín? Ó yẹ kí n ti béèrè nígbà tí ẹnu yín ṣì ń sọ̀rọ̀. Oríkunkun ni ò jẹ́ kí n béèrè.

Mo ní kí Rónkẹ́ tún un yà. Múfú kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Kábíyèsí ń gba iwájú ilé yìí kọjá, a ò lè máa na ọwọ́ òsì sí Ọba.

“Ẹ̀gbọ́n mi, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.”

Gbogbo ẹbí gbè é lẹ́sẹ̀. Mo gbé bẹ́ǹṣì mi lọ sídìí ògiri, mo jókòó, mo ní ẹnikẹ́ni ò ní yà fọ́tò níbẹ̀ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ẹnì kan láàárín èrò ní kí wọ́n tètè lọ gbé ẹní àti ìrọ̀rí wá fún Bàbá Olóríkunkun, pé ó ti kó dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi gan-an. Ẹ̀rù sì ń bà mí, torí ọjọ́ kejì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà máa kó ẹrù wọn, ìdánwò wọn ti dé. Ìyá Òrù wá pe Múfú sún mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá.

“Múfú, ọwọ́ òsì náà ló fi kọ́ ilé tí o fẹ́ júwe.”

Múfú wo ògiri títí, ó ṣí fìlà, ó wá bi Rónkẹ́ bóyá ọ̀dà ṣì kù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Rónkẹ́ ní kí n tún dúró, kí n gbé àdá sọ́wọ́ òsì. Mi ò gbé e bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ẹ ti tú àkísà náà. Bàbá, àdá náà fúyẹ́. Ó bá mi lọ́wọ́ mu bí ẹni pé àná ni mo gbé e kalẹ̀. Mo fì í lẹ́ẹ̀kan, Múfú fò sẹ́yìn, Ìyá Òrù sì ń pàtẹ́wọ́. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tó kó ẹrù wọn lọ, àdá ti wà lọ́wọ́ òsì yín lára ògiri.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi òsì roko. Mo ń ṣán ìlà wọ́kọwọ̀kọ, àtẹ́lẹwọ́ mi ti léròrò, inú mi sì ń dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àdá fún. Mi ò bínú sí yín. Bí ẹ bá ráyè, ẹ kàn jẹ́ kí n mọ̀ lójú àlá bóyá ẹ̀yin náà ò bínú.

Èmi ni, ọmọ yín tó ti fojú jọ yín tipẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jọ yín.