Fratánítì Tí Wọ́n Kọ Sára Ògiri Ṣọ́ọ̀bù Wa

                                                  Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Epo,
                                                  Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ tó ń wúkọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ikọ́ náà ti lọ? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé o ti ń rí oorun sùn? Màmá wà, wọ́n ní kí n kí ọ, wọ́n ní o kì í pe àwọn mọ́. Ó tán, mo ti kí ọ. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi tọ́ mi ló jẹ́ kí n kí ọ, kì í ṣe pé inú mi dùn sí ọ. Inú ń bí mi sí ọ gan-an, má sì rò pé mò ń ṣeré.

O mọ Kóńpìnnì, mẹkáníìkì tó gba ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí gọ́tà, tí kò lè sọ̀rọ̀ méjì kó má dárúkọ kóńpìnnì ńlá tó ti ṣiṣẹ́ rí. Láti ìgbà tí ọ̀gá wa ti kú ló ti ń wá bó ṣe máa di olórí. Lóṣù tó kọjá, ó kó gbogbo wa jọ, ó ní a gbọ́dọ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ náà á sì máa jẹ́ Fratánítì. Ó ní èdè òyìnbó ni, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn máa ṣe bí ọmọ ìyá sí ẹnì kejì rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Ọ̀dà tí wọ́n fi kọ ọ́ sára ògiri pàápàá, èmi ni mo gbé e wá láti ilé.

Àfi bí Pẹ́ńtà, ẹni tó ń kun ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mi, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ìnagijẹ wa sábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ti Kóńpìnnì, ó kọ tirẹ̀, ó kọ ti àwọn tó kù, ó tilẹ̀ kọ tìrẹ, ìwọ tí o ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Ó wá ṣan búrọ́ọ̀ṣì. Mo ní tèmi dà? Kò wò mí lójú. Kóńpìnnì ló dáhùn, ó ní ṣé mi ò gbọ́ ni, pé ẹgbẹ́ arákùnrin ni Fratánítì, kò sí obìnrin níbẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo ṣe bí àwàdà ni.

Àwàdà kọ́ o. O rántí òfin tí ọ̀gá wa fi lélẹ̀, òun ló kọ́kọ́ kọ́ wa ká tó mọ orúkọ sípánà kankan: ẹnikẹ́ni tó bá wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í. Ẹni náà á gbé ọwọ́ lé ara ọkọ̀, á máa wo jáàkì tó gbé ọkọ̀ sókè, á máa bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì ní kúrò títí onítọ̀hún á fi jáde. Bí ẹ bá ń jà, ẹ ó kọ́kọ́ dúró fún ara yín ná, tó bá jáde tán kí ẹ máa bá ìjà yín lọ. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ ó dúró. Ọdún tí o kọ́kọ́ sọ gíá kalẹ̀ fúnra rẹ, tí o kò mọ bí o ṣe máa dá a padà, ṣebí èmi ni mo dúró tì ọ́ títí aṣọ mi fi rin gbingbin.

Kóńpìnnì ti lọ bá wọn sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé láti ìsinsìnyí lọ, ọmọ Fratánítì nìkan ni kí wọ́n máa dúró tì. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Lọ́jọ́ Túsìdeé, mo wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan, Pẹ́ńtà dúró tì mí, à ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo gbọ́ tí Kóńpìnnì pè é. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń lọ. Mo ní, "Pẹ́ńtà, ibo lò ń lọ?" Ó ní òun ń bọ̀. Òjò ti mú kí ilẹ̀ rọ̀, jáàkì sì yẹ̀. Háà, àbúrò mi! Mo yí gbirigbiri jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì mi kò tètè tẹ̀lé mi. Ìka méjì ló fọ́. Dókítà ní wọ́n á jinná, ṣùgbọ́n òun ò lè sọ bóyá wọ́n á tún lè di sípánà mú.

Bí mo ṣe kúrò ní ọsibítù, ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbà lọ. Mo ní ta ló kọ́ yín pé ọmọ ìyá máa ń béèrè bóyá ọkùnrin ni èèyàn tàbí obìnrin? Nínú èdè tí ìyá tó bí wa ń sọ, ohun tí a máa ń béèrè ni pé ta ló dé ayé ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n, ì báà wọ ṣòkòtò, ì báà ró ìró. Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ni mo bá níbí? Gbogbo yín lẹ bá mi. Ẹ̀gbọ́n yín ni mí, ẹ sì fi mí sílẹ̀ lábẹ́ irin!

Pẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kóńpìnnì ní kí n yé pariwo, pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòun nìkan. Ó fa fóònù yọ, ó pè ọ́, ó sì ṣe é kí gbogbo wa lè máa gbọ́. Kò sọ fún ọ pé mo wà níbẹ̀, kò sì dárúkọ ìka mi. Ó kàn ní, "Arákùnrin wa, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ní àfi ká kọ orúkọ òun náà. Kí lo rí sí i?" O rẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ má dá a lóhùn jàre. Obìnrin ni, ara rẹ̀ á balẹ̀ tó bá yá."

Mo gbọ́ ọ. Ìwọ! Ìwọ tí a jọ mu ọmú kan náà! Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Kóńpìnnì ò bá mi tan, ìwà tirẹ̀ ò yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tìrẹ ló pa mí lẹ́kún, mo sì sunkún lójú wọn, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Lánàá, Pẹ́ńtà fẹ́ kun abẹ́ bọ́ọ̀sì kan. Gbogbo àwọn arákùnrin rẹ̀ ti lọ jẹun, ó sì wọlé sábẹ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀dẹ̀. Mo wò ó, wò ó, mo dìde pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Mo dúró tì í. Mo bú u, mo bú baba ńlá Fratánítì, èébú ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi jáde, ṣùgbọ́n mi ò kúrò.

Nítorí náà, má pè mí lórí fóònù, mi ò ní gbé e. Wá fúnra rẹ. Wá pa orúkọ rẹ rẹ́ lára ògiri yẹn lójú gbogbo wọn, àbí kí o wò mí lójú kí o sọ fún mi pé arákùnrin wọn ni ọ́. Èyí tí o bá mú nínú méjèèjì, mo ti gbà.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì ka lẹ́tà yìí sí i létí, obìnrin lòun náà. Fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì jẹ́ tèmi,

Ẹ̀gbọ́n rẹ.