Baba Onítáípù Ìsàlẹ̀ Òkè Mápó àti Lẹ́tà Wọn sí Ìlú Òkèèrè

Ìtàn ìgbésí ayé Olóògbé Gabriel Ọlábọ̀wálé Olúsànyà (1943–2025)

Ní agbo ilé Olúsànyà ní Bẹyẹrunka, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí Òkè Mápó, ni wọ́n bí Baba wa sí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1943. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ni Olóògbé Àìsáyà Olúsànyà, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ọjà'ba. Ìyá wọn ni Olóògbé Bertha Àtọ́kẹ́, ọmọ Àrẹ̀mọ, tó ń ta òwú ìránṣọ. Ọmọ mẹ́rin ni Ìyá Àtọ́kẹ́ bí. Baba wa ni àbígbẹ̀yìn, àwọn náà ló sì kẹ́yìn gbogbo wọn láyé.

Ní ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ìjọ ní Kúdẹtì, wọ́n sì ka ìwé mẹ́fà tán ní 1956. Ojú bàbá wọn ti ń ṣú nígbà náà, ó sì nílò ẹni tí yóò máa bá a di irin mú. Báyìí ni ẹ̀kọ́ ilé ìwé ṣe parí. Ẹ̀kọ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní 1958, nígbà tí bàbá wọn ra irin àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù ọ́fíìsì dànù, tí táípúráítà kan tó ti dípẹtà wà láàárín rẹ̀. Baba wa tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n sì tú u. Ohun tó bá kọ́kọ́ jáde, apá òsì ẹní ni wọ́n ń gbé e sí. Ohun tó bá tẹ̀lé e, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi epo òyìnbó fọ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, wọ́n ń dá wọn padà. Oṣù mẹ́rin ló gbà wọ́n. Ní ọjọ́ tí irin lẹ́tà àkọ́kọ́ fò sókè tó gún ìwé, ìyá wọn sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó rò pé nǹkan ló fọ́.

Ní 1961, wọ́n gbé tábìlì kalẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Òkè Mápó, nítòsí kóòtù, wọ́n sì ń tẹ lẹ́tà fún ẹni tí kò mọ̀wé àti ẹni tó mọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ́jú. Ó yẹ kí a sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ dúró lé. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n máa ń ki bọ inú ẹ̀rọ pọ̀, pẹ̀lú kábọ́nù méjì láàárín. Èyí tó wà lókè ni yóò lọ. Èkejì jẹ́ ti ẹni tó ni lẹ́tà. Ẹ̀kẹta, èyí tó fẹ́lẹ́ jù, inú àpótí Baba ló ń wọ̀. Kì í sì í wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ti fi píìnì gún rìsíìtì pósítọ́ọ̀físì mọ́ ọn lórí. Wọ́n a máa sọ pé lẹ́tà tí kò ní rìsíìtì, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ní 1994, opó kan láti Òjé gba ilé ọkọ rẹ̀ padà ní kóòtù nítorí ẹ̀dà kẹta tí Baba tẹ̀ ní ọdún mẹ́rìnlélógún ṣáájú. Píìnì rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n rìsíìtì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọdún 1969, wọ́n gbé Hilda, ọmọ Òjé, níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Kúdẹtì. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ: Samuel, Lucy àti Ìfẹ́olúwa. Ìyá wa sùn nínú Olúwa ní 2011. Láti ìgbà náà, ago tíì méjì ni Baba ń gbé sórí tábìlì láràárọ̀, wọ́n á mu ọ̀kan, wọ́n á fi èkejì mu búrẹ́dì.

Baba jẹ́ akọ̀wé ìjọ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ní àdúgbò, àwọn ni wọ́n kọ lẹ́tà nípa gọ́tà Bẹyẹrunka tó ń gbé omi wọ ilé àwọn ènìyàn. Lẹ́tà kẹtàdínlógún ni ìjọba ìbílẹ̀ dá lóhùn. Ọ̀rẹ́ wọn, Alhaji Jubril Àkíbù tó ń gbẹ́ òǹtẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní Mápó, máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹni tí yóò dá wọn lóhùn lọ kó tó dáhùn.

Ibi tí a dé yìí ni ẹ̀rù ti ń bà wá. Nínú ìpàdé ẹbí, àwọn kan ní kí a kọ pé “ìṣẹ̀lẹ̀ kan ba Baba nínú jẹ́ lọ́jọ́ ogbó wọn,” kí a sì fò ó. A kò dá wọn lẹ́bi. Ẹnikẹ́ni tí ẹ̀rù bá bà láàárín ẹ̀yin tí ẹ bá wa kẹ́dùn lónìí, kí ó ka ìwé yìí dé ibí, kí ó sì pa á dé. A ò ní bínú.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àwọn ọ̀dọ́ jáde nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ. Dárasími, ọmọ kan ṣoṣo tí Lucy bí, ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, wà lára wọn. Baba ló bá a ṣe ohun tí yóò gbé dání: wọ́n ki páálí bọ inú ẹ̀rọ, wọ́n sì tẹ “EBI Ń PA WÁ” sí i dáadáa. Dárasími wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá àgbà, ta ló máa rí èyí kà? Àwọn èèrà?” Ó yí páálí náà padà, ó fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn bí ọkùnrin láti fi dá àpárá, ó sì jáde. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni.

Nígbà tí aago mẹ́wàá ń lù, èéfín tajútajú ti bo gbogbo Bẹẹrẹ. Agolo tajútajú kan fò dé inú gọ́tà ẹnu ọ̀nà wa, gọ́tà lẹ́tà mẹ́tàdínlógún náà. Obìnrin kan tó ń ta ata rí i bí àwọn tó gbé ìbọn ṣe gbé Dárasími wọ inú ọkọ̀ kan tí kò ní nọ́ńbà. Ó ní Dárasími pariwo orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ agbo ilé wa kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. A dé àgọ́ ọlọ́pàá mẹ́rin lọ́jọ́ náà. Ní gbogbo ibi tí a dé, wọ́n ní kò sí lọ́wọ́ àwọn. Ní ibi kẹrin, ẹnì kan béèrè àdírẹ́sì wa ju bó ṣe béèrè orúkọ ọmọ lọ, a sì rọra kúrò níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, a kì í dáhùn títí a ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọkọ̀ kan dúró lódìkejì ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta. A ò mọ̀ bóyá nítorí wa ni. Lucy kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọ inú ilé.

Baba nìkan ni kò jókòó. Wọ́n yọ agolo náà nínú gọ́tà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì gbé awò tí wọ́n fi ń yẹ irin táípù wò sójú. Nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ ìlú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Inú Baba dùn sí nọ́ńbà náà débi pé ó bà wá lẹ́rù. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé gbogbo táípúráítà ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà náà sì ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é àti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ohun tó bá ti ní nọ́ńbà ti ní ẹni tí a lè bi léèrè. Orílẹ̀-èdè òkèèrè ni ìlú náà wà. A ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí. Baba ní àwọn yóò kọ lẹ́tà sí ìjọba ibẹ̀.

Alhaji Jubril ló kọ́kọ́ gbọ́. “Ọlábọ̀, ìjọba Òyìnbó! Ìwọ tí káńsẹ́lọ̀ Bẹyẹrunka ò dá lóhùn títí lẹ́tà fi pé mẹ́tàdínlógún?”

“Káńsẹ́lọ̀ kọ́ ló ṣe agolo yìí, Jubril.”

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ ni lẹ́tà náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ka ìtumọ̀ rẹ̀ sí gbogbo wa létí ní pálọ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí:

“Ẹ̀yin Ọlọ́lá, n kò sọ pé ẹ̀yin lẹ ju agolo yìí lu àwọn ọmọ wa. Mo ń sọ pé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti ṣe é, ẹ sì lè mọ ẹni tí ẹ tà á fún. Agolo ní nọ́ńbà. Ọkọ̀ tó gbé ọmọ-ọmọ mi lọ kò ní. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí ẹ̀yin. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tà á fún wọn mọ́ títí wọn yóò fi dẹ́kun líle àwọn tí ebi ń pa. Ẹ rán ènìyàn wá wo ibi tí wọ́n kó àwọn ọmọ náà sí. Ẹ sì bá mi bi ìjọba wa, pẹ̀lú orúkọ, níbo ni Dárasími wà? Bí ẹ̀yin bá béèrè, wọn yóò wá ìdáhùn. Èmi ti béèrè.”

Wọ́n fi orúkọ ara wọn sí i ní kíkún, àti agbo ilé wa, àti àdúgbò. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ àdírẹ́sì. Wọ́n ní ta ni yóò wá dáhùn lẹ́tà tí kò nílé? Wọ́n gbé e fún Samuel, àkọ́bí wọn, pé kó lọ fi ránṣẹ́ ní rẹ́jísítà ní pósítọ́ọ̀físì. Samuel padà wá ní ọ̀sán, ó ní wọ́n ti gba lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, wọ́n ní kí òun padà wá gba rìsíìtì. Baba gún píìnì mọ́ ẹ̀dà kẹta sílẹ̀ dè é, wọ́n sì fi í sínú àpótí. Nígbàkigbà tí wọ́n bá béèrè rìsíìtì, Samuel á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tíì dé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Wọ́n ṣírò rẹ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bọ̀, oṣù kan fún ìjọba láti ronú. Láràárọ̀, wọ́n ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bi ẹni tó bá ń bọ̀ láti Mápó bóyá lẹ́tà wà. Ọdún kan kọjá. Wọ́n wá pinnu pé ẹ̀rọ àwọn ló jẹ̀bi. Bóyá irin lẹ́tà kan ti jẹ, tí àdírẹ́sì kò hàn. Ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n sì tú táípúráítà náà, láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Wọ́n fọ irin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó padà nígbà tí àìsàn dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Baba pa ojú dé. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn tí Lucy gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká ẹní náà.

Nígbà tí a ṣí àpótí wọn láti wá ọjọ́ àti ọdún fún ìtàn yìí, a rí ẹ̀dà lẹ́tà náà. Gbogbo ẹ̀dà tó wà nínú àpótí ló ní rìsíìtì lórí. Èyí nìkan ni píìnì rẹ̀ ṣófo. A yíjú sí Samuel.

Ó lọ sí yàrá, ó gbé àpòòwé lẹ́tà náà jáde láti inú èèpo Bíbélì rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun gbé e sórí káńtà, akọ̀wé ibẹ̀ ka orúkọ ẹni tí a kọ ọ́ sí, ó gbójú sókè, ó ní, “Bùọ̀dá, ṣé ẹ ti ro èyí dáadáa?” Ẹsẹ̀ òun kò sì gbà mọ́. Ó ní òun rò ó pé bí orúkọ Dárasími bá di ohun tí ìlú òkèèrè ń béèrè, àwọn tó mú un lè pa á rẹ́ débi tí a kò ní rí àmì rẹ̀ mọ́. Ó sunkún bí ọmọdé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè bá a wí. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé, ní gbogbo òwúrọ̀ tí Baba bá béèrè tí èsì kò dé, ọkàn wa máa ń balẹ̀ díẹ̀. Irọ́ Samuel ni gbogbo wa sá sí abẹ́ rẹ̀ láìmọ̀.

A tò ẹ̀rọ náà padà láti apá ọ̀tún ẹní, bí Baba ṣe ń ṣe é. Kò sí irin kan tó kù sílẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ. Gbogbo lẹ́tà ló hàn ketekete. A fi tẹ àpòòwé tuntun, a sì tẹ ìwé kékeré kan mọ́ lẹ́tà náà pé ẹni tó kọ ọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń béèrè ṣì wà ní àdírẹ́sì kan náà. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá, gbogbo wa la jọ lọ sí pósítọ́ọ̀físì, kí ẹsẹ̀ ẹnì kan má baà kọ̀. Àyà wa ń já nígbà náà. Ó ṣì ń já bí a ṣe ń kọ èyí.

Baba fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ sáyé lọ: Samuel, Lucy àti Ìfẹ́olúwa. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ iye wọn dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ẹbí. Àwọn kan ní méje ni kí a kọ, kí a má baà fa ojú àwọn ènìyàn kan sí ara wa. Àwọn mìíràn ní kí a kọ méje “àti ọ̀kan tí a ń retí.” Nígbà tí ìpàdé fẹ́ tú, Lucy dìde. Ó wá ní, “Ẹ̀yin ará ilé mi, ọmọ kì í di òkú nítorí pé ẹ̀rù ń bà wá.” Nítorí náà, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ ni Baba fi sílẹ̀. Dárasími ni ẹ̀kẹta nínú wọn.

Kí Ọlọ́run tó mọ ibi tí gbogbo ènìyàn wà bá wa mójú tó èyí tí a kò rí. Kí ó tẹ́ Baba wa sí ibi tí wọn kò ti ní jókòó sí ẹnu ọ̀nà mọ́.

Ẹ sùn re o, Baba Onítáípù. Lẹ́tà yín ti lọ. Rìsíìtì rẹ̀ ti wà lẹ́nu píìnì.